Ìwé Iyọ̀ àti Ata

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀yà Liberia kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá gbé Monrovia nígbà ogun yóò mọ àwọn tí mò ń sọ, ẹni tí kò bá sì gbé ibẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Mo ti kọ orúkọ ẹ̀yà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí láyé mi, ó tó mi.

Ọmọ Ìwó ni bàbá mi. Vai Town ló ti ń ta iyọ̀, ata gígbẹ, àlùbọ́sà àti òróró, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí afárá tó wọ àárín Monrovia. Ọmọ Liberia ni ìyá mi, ó ti ìgbèríko wá. Bàbá mi máa ń sọ pé ìyá mi ni oníbàárà tó ń yọ òun lẹ́nu jù lọ, pé ìgbà tí òun ò lè fara dà á mọ́ ni òun fẹ́ ẹ kí òun lè sinmi. Ìyá mi ní irọ́ ni. Yorùbá là ń bá bàbá sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Liberia là ń bá ìyá sọ, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ẹ̀yà mi, Yorùbá ni mo máa ń dáhùn láìronú. Ti bàbá lọmọ í jẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, n kò sì rò ó rí pé ilé ẹlòmíì lè yàtọ̀.

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ṣí iléèwé gíga wa padà, wọ́n yàn mí ní akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹnu mi ló mú, ọwọ́ mi sì yá láti kọ̀wé. Wọ́n ti kó gbogbo nǹkan inú iléèwé náà lọ nígbà ogun: fèrèsé, wáyà iná, páìpù omi, títí kan ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ní kíláàsì gbọ́dọ̀ gbé àga rẹ̀ ti ilé wá. Ọkùnrin kan wà tó ń ti Paynesville bọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àga onígi lórí. Ní gbogbo géètì, ìyẹn ibi tí àwọn tó gbébọn ti ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ní kó sọ àga kalẹ̀, wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á da ìbéèrè bò ó, kí wọ́n tó dá a padà fún un. Mo sọ ọ́ ní alága. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé lédè bàbá mi, ẹni tó ni àga àti ẹni tó ń darí ìpàdé, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n má jẹ́ kí ààrẹ ẹgbẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà iléèwé, mo kọ òmíràn, mo ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, títí ó fi di pé ẹ̀yìn ló ń gbà jáde bó bá ti gbọ́ ohùn mi. Mo fi ẹnu gba omi ẹ̀rọ kan sí àgbàlá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn. Mo fi ẹnu gba bọ́ọ̀sì kan tó ń kó àwọn ará Paynesville lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe la máa ń tì í kó tó gbéra. Níkẹyìn, àwọn aláàánú kan láti òkè òkun fún wa ní bẹ́ǹṣì. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo kàn wọ́n.

Àwọn bẹ́ǹṣì yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọn ò kárí. Kíláàsì tó rí gbà ní ó tọ́ sí àwọn, kíláàsì tí kò rí gbà ní ẹ̀yà ààrẹ ẹgbẹ́ la pín in fún. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lu ara wọn nínú ìpàdé. Mo rí i pé bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ogun tó wà níta yóò wọlé wá bá wa. Mo dìde, mo ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ò ka òun sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn àtẹ́wọ́ nígbà yẹn. Mo ní ṣùgbọ́n kí á tó mọ iye aṣojú tí a ó yàn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí kálukú ti wá. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó ní ká dúró ná.

Mo ra ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù, mo sì ń gbé e láti kíláàsì dé kíláàsì. Orúkọ, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, àdúgbò, ẹ̀yà. Àwọn kan dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn kan dáhùn bí ẹni ń jẹ́jọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ẹni tí kò mọ èmi àti ìwé búlúù mi.

Ìta kíláàsì ni mo ti bá alága. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣé dandan ni, Secretary?"

"Dandan ni. Báwo la ṣe máa ṣojú yín bí a ò bá mọ̀ yín?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ẹ̀yà ìyá rẹ̀ fún mi. Mo wo orúkọ bàbá rẹ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀, kò jọ orúkọ àwọn ènìyàn yẹn. Mo sọ fún un. Ó ní òun kò mọ bàbá òun, pé ó ti kú kí òun tó ní iyè nínú, pé ìyá òun ló tọ́ òun, èdè ìyá òun nìkan sì lòun ń sọ. Ó ní kí n ṣáà kọ ti ìyá òun.

"Ọmọ kì í jẹ́ ti ìyá, alága. Ti bàbá rẹ ńkọ́?"

Ó sọ ẹ̀yà bàbá rẹ̀ fún mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó dára. Mo tiẹ̀ tún kí i pé ó ṣeun. Mo gbà lọ́kàn mi pé òtítọ́ ni mo kọ, àti pé ojúṣe mi ni láti kọ òtítọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi rí ìwé náà. Ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá a lórí káńtà níbi tí mo gbé e sí, ó ṣí i. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀. Ó ka ojú ìwé kan tán, ó ṣí èkejì.

"Ta ló ní kí o kọ èyí?"

"Ẹgbẹ́ ni, Bàbá. Ká lè ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo èèyàn ni."

"Ya á."

"Bàbá, ìdìbò àwọn aṣojú ku ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Ó jókòó lé àpò iyọ̀ kan. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún wa rí. Ó ní nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun wà lórí ìlà ní géètì kan lọ́nà ìgbèríko, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bi gbogbo èèyàn: *What tribe you?* Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kó yà sínú koríko. Ó ní ọkùnrin tó wà níwájú òun yà sínú koríko, èyí tó wà lẹ́yìn òun náà yà síbẹ̀.

"Wọn ò ní ìwé lọ́wọ́ nígbà yẹn," ó ní. "Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń béèrè. Ìwọ wá kọ ọ́ sílẹ̀ dè wọ́n."

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹsẹ̀ mi rìn, mo ti fi ọwọ́ mi kọ ọ́, agídí sì wà lára mi ju ẹ̀rù lọ. Mo wo inú ṣọ́ọ̀bù yíká, ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi odidi ọjọ́ méjì da ìwé náà kọ sínú òmíràn tó jọ ọ́, mo sì jó ti àkọ́kọ́. Nínú tuntun, n kò kọ orúkọ ẹ̀yà kankan. Ẹ̀yà báyìí, mo pè é ní iyọ̀. Ẹ̀yà báyìí, ata. Àwọn wọ̀nyí, àlùbọ́sà, àwọn wọ̀nyẹn, òróró. Mo kọ ọ́ lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Mo gbé e fún bàbá mi bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Ó wò ó, ó mi orí. "Yorùbá lo fi bò ó. Ṣé aṣọ ni Yorùbá ni?"

"Ta ló máa kà á níbẹ̀, Bàbá? Kò sí ọmọ Yorùbá kankan níbẹ̀ àfi èmi."

Ọgbọ́n àgbọ́njù ni mo gbọ́n. N kò rò ó pé ẹni tó bá ti rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé náà, tó rí i pé òun jẹ́ ata, tó wá rí i pé àwọn ará ilé òun náà jẹ́ ata, kò nílò Yorùbá mọ́. Yóò ka gbogbo rẹ̀ tán láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tì í mọ́ inú dúróà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, mo sì sùn dáadáa.

Ìdìbò náà kò wáyé. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àárín ìlú, kò sì dá. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa la ti ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n ń sá bọ̀ lórí afárá, àwọn kan ru mátíràsì, àwọn kan pọn ọmọ, wọ́n ń lọ sí ọ̀nà Bushrod Island. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn. A wà nínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan, à ń jẹ gààrí, à ń tẹ́tí. Ìyá mi máa ń fi ọwọ́ bo etí àwọn àbúrò mi bí ẹni pé ìyẹn lè dá ọta ìbọn dúró.

Obìnrin kan tó máa ń ra òróró lọ́wọ́ wa ló mú ìròyìn wá. Ó ti inú ìlú sá jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn tó gbébọn tó gba apá ibẹ̀ ń wá ẹ̀yà kan láti ilé dé ilé. Ó dárúkọ wọn. Àwọn tí mo pè ní iyọ̀ ni. Ó ní wọ́n ti wọ iléèwé wa pẹ̀lú, wọ́n ń fọ́ ilẹ̀kùn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, mò ń rí ìwé búlúù náà nínú dúróà, mò ń rí orúkọ lẹ́yìn orúkọ, pẹ̀lú àdúgbò wọn níwájú rẹ̀. Àdúgbò! Èmi ni mo fi ojúlé hàn. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ lọ mú un, mo rò pé yóò lù mí. Ó kàn wọ jàlàbíà rẹ̀, ó mú fìlà.

"Bàbá, ẹ jókòó. Èmi ni mo fa wàhálà, èmi ni n ó lọ."

"Dákẹ́, jàre," ó ní. "Ṣé ìwọ nìkan lo bí ara rẹ?"

A dúró di ìgbà tí ìbọn dákẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn máa ń yọ́ jáde lọ wá oúnjẹ. A gba afárá kọjá. Géètì wà ní ìsàlẹ̀ afárá lápá ti ìlú, okùn kan tí wọ́n nà sójú títì pẹ̀lú aṣọ pupa lára rẹ̀. Ẹni tó ń wọ inú ìlú kò jọ wọ́n lójú, torí kò gbé nǹkan. Ẹni tó ń jáde ni wọ́n ń tú wò. Wọ́n fi ọwọ́ júwe fún wa pé ká máa lọ. N kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Wọ́n ti já ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa sílẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ, wọ́n ti gbé fáànù lọ, wọ́n tú dúróà dà sílẹ̀. Ta ló fẹ́ ìwé? Ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà mi, àmì bàtà lórí èèpo rẹ̀. Mo gbé e, mo sì gbá a mọ́ àyà.

"Ya á níbí," bàbá mi ní.

"Bí a bá ya á, wọ́n lè tò ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká jó o nílé, Bàbá."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àánú ìwé náà ń ṣe mí. Iṣẹ́ mi ni. Ọkàn mi kan ń sọ pé ìjà yìí náà yóò parí, a ó sì tún fẹ́ yan aṣojú. Ìbọn dún nítòsí, kò sí àyè fún àríyànjiyàn. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó tì í sábẹ́ jàlàbíà rẹ̀, a jáde.

Nígbà tí a padà dé géètì, wọ́n ti tó mẹ́fà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní kọ́mándà, wọ bàtà òjò nínú oòrùn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: láàárín ẹ̀rù tó bà mí, mo rí alága. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, ìbọn kọ́ ọ léjìká, ó ń bá kọ́mándà sọ̀rọ̀ lédè ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èdè àwọn ata. Ó rí mi, ó sì yí ojú kúrò bí ẹni tí kò rí mi rí. N kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ wà láàárín wọn tàbí wọ́n fi ipá mú un. Títí dòní, n kò mọ̀.

Wọ́n tẹ bàbá mi lára wò, ìwé jábọ́.

"*Pappy, what kinda book this?*" Kọ́mándà béèrè.

Bàbá mi ní ìwé ọjà ni. Ó ní òun ń ta oúnjẹ ní Vai Town, pé orúkọ àwọn oníbàárà tó ní kí òun bá àwọn wá ọjà ló wà nínú rẹ̀. N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá mi rí ṣáájú ọjọ́ náà. Kọ́mándà kò mọ̀wé kà, ó hàn nínú bó ṣe mú ìwé náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbé e padà fún bàbá mi.

"*Read it, let me hear.*"

Bàbá mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó pe orúkọ kan, ó ní, "Iyọ̀," ó túmọ̀ rẹ̀ pé ẹni yìí fẹ́ iyọ̀. Ó pe òmíràn, ó ní, "Ata." Òmíràn, "Àlùbọ́sà." Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ohùn ẹni tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́ fúnra mi. Kọ́mándà ń mi orí, ó ń jẹ obì. Lẹ́yìn tí bàbá mi ka bí ojú ìwé kan, mo rí i tí kọ́mándà dá obì jíjẹ dúró.

"Àwọn ènìyàn yẹn," ó ní, "kí ló dé tí gbogbo wọn fi fẹ́ràn iyọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ bàbá mi, ó sì ń fetí sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Liberia, orúkọ máa ń tú àṣírí ẹ̀yà èèyàn lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá mi ṣí ojú ìwé tó kàn. Mo mọ ìwé mi lórí. Mo mọ̀ pé ní ìlà kẹfà lójú ìwé yẹn, orúkọ alága ni, orúkọ tí kọ́mándà kò lè ṣàì mọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀ ọ́n. Ó ka ìlà kìíní. Ó ka ìkejì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Gbólóhùn Yorùbá kan péré, *Bàbá, ẹ fo ìkẹfà*, ì bá tó. Èmi tí mo ń fi ẹnu gba omi, tí mo ń fi ẹnu gba bọ́ọ̀sì, ẹnu mi kò ṣí. Ó ka ìkẹta. Mò ń wo ọwọ́ kọ́mándà lára ìbọn rẹ̀.

Alága ló wá. Ó na ọwọ́, ó ní ojú Pappy ti rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun kà á kíá kí àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn lè kọjá. Ó gba ìwé náà. Ó ka ìkẹrin, ó ka ìkarùn-ún, ó ń pe iyọ̀ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, kọ́mándà sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo mọ ibi tó dé. Ó rí orúkọ rẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe lọ sókè sí àwọn tó jẹ́ iyọ̀, tó lọ sísàlẹ̀, tó padà wá sí tirẹ̀. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ó ti mọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí, ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ kò kéré sí tèmi.

Ó fo ìlà yẹn. Ó ka èyí tó tẹ̀ lé e, ó ka mélòó kan sí i, ó wá pa ìwé dé, ó sọ fún kọ́mándà lédè wọn ohun tó jẹ́ kó yán, kó sì ṣẹ́wọ́ sí wa pé ká kọjá. Bàbá mi na ọwọ́ kó gba ìwé. Alága ti tì í bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní ìwé dára fún dídá iná.

Nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ okùn náà, ẹnu rẹ̀ wà létí mi. "*Secretary,*" ó ní, "*I tol' you to put my ma people.*"

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán mi létí iṣẹ́ tí mo gbàgbé. A gun afárá. Ní àárín rẹ̀, bàbá mi di irin mú, ó bì. Mo di í lẹ́yìn mú. Kò bá mi wí lọ́jọ́ náà, kò sì bá mi wí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì máa ń fẹ́ kó bá mi wí.

Ẹ̀rù kò kúrò lára mi fún gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìjà náà fi lọ. Bí ìbọn bá dún lódìkejì omi, mo máa ń rò pé ojúlé kan nínú ìwé mi ni wọ́n dé. Mo ń gbàdúrà pé kó jó o. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti jó o, pé ta ló máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri, tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ìlú dákẹ́, a padà sí iléèwé. Òjò ń rọ̀ gan-an. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mò ń wo ẹni tó ń bọ̀. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo sì mọ ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ kan dé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sókè. Òmíràn dé láti ibùdó àwọn tó sá fún ogun. Àwọn kan kò dé rárá, wọ́n ní wọ́n ti sọdá sí ilẹ̀ mìíràn. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bá àwọn tó wà ní géètì yẹn gbé fún ìgbà díẹ̀ ló sọ ti alága fún mi. Ó ní wọ́n ń tú ara wọn wò nítorí nǹkan kan tó sọnù láàárín wọn, wọ́n bá ìwé kan lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti rin fún òjò àti òógùn. Ẹnì kan níbẹ̀ tó ti ṣe iléèwé wa rí dá ìwé náà mọ̀. Ó wá orúkọ ara rẹ̀, ó rí ata; ó wá orúkọ alága, ó rí iyọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. N kò bi í pé ta ni ẹni náà. Kò sì lè sọ fún mi ìdí tí alága kò fi jó ìwé ọ̀hún. Mo ti ronú lé e lórí ní ọ̀pọ̀ ọdún, n kò rí ìdáhùn. Bóyá ó fẹ́ dá a padà fún mi.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, mò ń to àwọn lẹ́tà tí òjò bà jẹ́. Obìnrin kan wọlé. Ó ga, ó ró ìró, aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó bi mí bóyá èmi ni *Secretary*. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbé ìjókòó fún un. Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, alága ni.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ọmọ iléèwé yìí," ó ní. "Mo ti lọ sọ́dọ̀ àwọn sójà, mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti lọ bá àwọn àgbààgbà wa. Àwọn tó pa ọmọ mi, ará wa ni wọ́n. Èdè kan náà la jọ ń sọ. Òmíràn nínú wọn ti jẹun nílé mi rí. Ọmọ mi ni àwọn náà, ọmọ wọn ni òun náà. Kí ló ṣe fún wọn?"

Ó ń wò mí lójú. Òjò ń lu páànù orí wa. Mo la ẹnu, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rù sì bà mí ju bó ṣe bà mí ní géètì lọ, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí kò gbé ìbọn.

"*I don't know, Ol' Ma,*" mo ní.

Ó mi orí. Ó gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní òun dúpẹ́, pé nínú gbogbo ibi tí òun ti lọ béèrè, èmi nìkan ni mo fún òun ní ìjókòó tí mo sì dá òun lóhùn. Lẹ́yìn náà ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde lọ.